Bí Ẹṣin Àgbà Bá Ń Rù: Ẹ Kọ́kọ́ Wo Ẹnu Rẹ̀

Bí ọ̀rọ̀ ohun ọ̀sìn bá délẹ̀ láàárín wa, ọ̀rọ̀ adìyẹ, ewúrẹ́, ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹja ni ó sábà máa ń jẹ yọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹṣin ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, pàápàá ẹṣin tí ó ti dàgbà tí ara rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í joro. Bí ẹ kò tilẹ̀ ní ẹṣin, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kà á. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ní ẹbí tàbí aládùúgbò tí ó ní i, bẹ́ẹ̀ ni ewu kan sì wà tí a ó mẹ́nu kàn nísàlẹ̀ tí ó kan gbogbo ẹni tí ó ń sin adìyẹ àti ẹṣin nínú ọgbà kan náà.

ẸṢIN LÁÀÁRÍN WA

Ẹṣin kì í ṣe àlejò nílẹ̀ Yorùbá. Ẹṣin wà nínú ohun tí ó sọ Ọ̀yọ́ Ilé di ìjọba ńlá. Láti òkè Ọya ni wọ́n ti ń ra ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹṣin náà, nítorí pé bí ẹṣin bá ti sún mọ́ igbó, eṣinṣin tsetse á kó àìsàn ràn án, kì í sì í pẹ́ tí yóò fi kú. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ìlọrin gun ẹṣin wá sí Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn tí ó fẹsẹ̀ rìn ni ó lé wọn padà.

Lónìí, ẹṣin kì í bá wa jagun mọ́. Ó ń gbé ọkọ ìyàwó, ó ń gbé olóyè tuntun, ó sì ń gbé àwọn ènìyàn lọ sí yídì ní ọjọ́ Iléyá. Àwọn ìdílé Balógun ń gùn ún níbi Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Níbí ní Ìbàdàn, wọ́n ń gùn ún gbá bọ́ọ̀lù pólò ní Eléyẹlé.

Ẹni tí ó ń fi ẹṣin háyà fún ayẹyẹ mọ̀ pé owó ilé-ìwé ọmọ òun wà lẹ́yìn ẹṣin náà. Ṣùgbọ́n bí ẹṣin bá ti lé ní ọdún 15 tàbí 20, tí egungun ìhà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, ohun méjì ni àwọn ènìyàn sábà máa ń ṣe. Àwọn kan á ní, "Ọjọ́ ogbó ti dé," wọn á sì tà á ní ọ̀pọ̀ fún alápatà. Àwọn mìíràn á sáré lọ ra àpò àgbàdo, wọn á dà á síwájú ẹṣin, kí ilẹ̀ sì tó mọ́, inú á ti máa run ún. Ti àkọ́kọ́ ń fi ẹran tí ó ṣì lè lo ọdún mélòó kan ṣòfò. Ti èkejì lè pa á.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ dì mú nínú ọ̀rọ̀ yìí kò pọ̀: ogbó nìkan kì í mú ẹṣin rù. Ohun kan ni ó ń fà á. Ẹ wá ohun náà rí kí ẹ tó ná owó lórí oúnjẹ.

Ẹṣin tí a bá tọ́jú dáadáa lè lo ọdún 25 sí 30. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹṣin kan wà tí wọ́n ń pè ní Old Billy, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni fífa ọkọ̀ ojú omi. Ọdún 1760 ni wọ́n bí i, ọdún 1822 ni ó kú, lẹ́ni ọdún 62. A kò rí ẹṣin mìíràn nínú àkọsílẹ̀ tí ó pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀. A kò sọ pé tiyín yóò dà bẹ́ẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní ẹṣin ọlọ́dún 18 kò gbọdọ̀ máa sọ pé ó ti parí.

BÍ Ẹ Ó ṢE MỌ̀ PÉ Ó RÙ

Ojú máa ń tan ni jẹ. Irun lè bo egungun, ikùn sì lè tóbi nítorí aràn tàbí koríko gbígbẹ, kí ẹ̀yìn ẹṣin náà sì ti gbẹ. Ọwọ́ ni kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fọwọ́ tẹ egungun ìhà rẹ̀, ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, egungun ìbàdí, ìdí ìrù, ẹ̀yìn èjìká àti ọrùn. Bí ẹṣin bá sanra bí ó ti yẹ, ojú kò ní rí egungun ìhà, ṣùgbọ́n ọwọ́ yóò bá a láìtẹ̀ ẹ́ púpọ̀. Bí ẹ bá ń rí egungun ìhà láti òkèèrè, tí ọ̀pá ẹ̀yìn sì yọ sókè ṣóńṣó, ẹṣin náà ti rù.

Ní ọdún 1983, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Don Henneke, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwọ̀n kan jáde tí gbogbo ayé ń lò títí di òní. Ó bẹ̀rẹ̀ láti 1, ó sì parí sí 9. Ẹṣin tí ó wà ní 1 ti di egungun lásán, èyí tí ó wà ní 9 ti sanra jọ̀kọ̀tọ̀. 5 ni ó dára. Ẹ fún ẹṣin yín ní máàkì, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì.

Bí kò bá sí òṣùwọ̀n ńlá, téèpù tí àwọn télọ̀ ń lò yóò ṣe é. Ẹ fi yí àyà ẹṣin ká, lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, kí ẹ kọ iye sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀. Ẹ wọn gígùn ara rẹ̀ láti egungun èjìká níwájú àyà títí dé egungun ìdí. Ẹ sọ iye ti àyà di púpọ̀ lọ́nà ara rẹ̀, ẹ tún sọ èsì náà di púpọ̀ lọ́nà gígùn ara, kí ẹ sì fi 11,880 pín in. Èsì rẹ̀ ni ìwọ̀n ẹṣin ní kílò. Bí àpẹẹrẹ, bí àyà bá jẹ́ 150, tí gígùn sì jẹ́ 145: 150 lọ́nà 150 jẹ́ 22,500. Èyí lọ́nà 145 jẹ́ 3,262,500. Bí a bá fi 11,880 pín in, ó jẹ́ nǹkan bí kílò 275. Kò lè ṣe gẹ́lẹ́ bí òṣùwọ̀n, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n lọ́nà kan náà ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ẹ ó mọ̀ bóyá ó ń lọ sókè tàbí ó ń lọ sílẹ̀.

OHUN MẸ́TA TÍ Ẹ Ó KỌ́KỌ́ YẸ̀ WÒ

(1) Eyín. Eyín ẹṣin kò dà bí tiwa. Ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni eyín ń yọ jáde láti inú èrìgì, ní nǹkan bíi mílímítà 2 sí 3 lọ́dún, bí koríko ti ń lọ̀ ọ́. Bí kò bá lọ̀ dọ́gba, etí rẹ̀ á mú bí ọ̀bẹ. Ti òkè á máa gún ẹ̀rẹ̀kẹ́ lára, ti ìsàlẹ̀ á máa gé ahọ́n. Nígbà tí ẹṣin bá sì wá darúgbó tán, eyín náà á tán nínú èrìgì, òmíràn á máa mì, òmíràn á já bọ́.

Àmì rẹ̀ nìyí: ẹṣin á jẹ koríko díẹ̀, á sì tu ìṣù koríko tí kò rún kúnná sílẹ̀. Àgbàdo odindi á máa jáde nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ á máa rùn. Á máa gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ó bá ń jẹun. Irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ kò kọ oúnjẹ, kò lè jẹ ẹ́ ni. Bí ẹ bá fi àpò oúnjẹ mẹ́wàá síwájú rẹ̀, asán ni. Dókítà ẹran ni yóò fi irin pa ẹnu rẹ̀ mọ́ ní ṣíṣí, tí yóò sì fi fáìlì rẹ́ etí eyín náà. Ó yẹ kí ẹṣin àgbà rí i lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ náà ki fáìlì bọ ẹnu ẹṣin yín.

(2) Aràn. Ẹ di ìgbẹ́ tútù díẹ̀ sínú ọ̀rá mímọ́, kí ẹ gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti lè yẹ̀ ẹ́ wò, bí ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn. Wọn yóò sọ bóyá aràn wà, àti bí ó ti pọ̀ tó. Ìwọ̀n ara ni a fi ń mọ iye oògùn tí ẹṣin yóò gbà, ìdí kan náà nìyí tí téèpù yẹn fi wúlò. Oògùn tí kò tó kì í pa aràn tán, ńṣe ni ó ń kọ́ aràn bí yóò ṣe máa fara da oògùn.

(3) Àìsàn inú ẹ̀jẹ̀. Àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kò tíì kúrò nílẹ̀ wa. Ẹṣin á máa rù díẹ̀díẹ̀, ara rẹ̀ á máa gbóná lọ gbóná bọ̀, abẹ́ ìpéǹpéjú rẹ̀ á funfun, ẹsẹ̀ tàbí abẹ́ ikùn rẹ̀ lè wú. Ẹ̀jẹ̀ ni dókítà yóò gbà yẹ̀ wò. Ẹ má ṣe gún un ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n fún màlúù aládùúgbò, nítorí pé òmíràn nínú oògùn tí màlúù ń gbà kì í bá ẹṣin lára mu.

Yàtọ̀ sí mẹ́ta yìí, àìsàn kan wà tí ó jẹ́ ti ẹṣin àgbà gan-an. Ẹṣẹ́ kékeré kan nínú orí ni ó ń fà á. Irun á gùn gbọ̀ọ̀rọ̀ tí kò ní re, ẹṣin á máa mu omi jù, á máa tọ̀ jù, ẹran ẹ̀yìn rẹ̀ á sì máa yọ́. Bí ẹ bá rí èyí, ẹ sọ ọ́ fún dókítà, kí ẹ sì dín àgbàdo kù, nítorí pé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ lè tètè ba pátákò rẹ̀ jẹ́.

KORÍKO NI ÌPÌLẸ̀

Àpò oúnjẹ inú ẹṣin kékeré ni. Ìfun ńlá lẹ́yìn ni ilé iṣẹ́ rẹ̀, koríko ni ilé iṣẹ́ náà sì ń fẹ́, díẹ̀díẹ̀, láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹṣin tí a fẹ́ kí ó sanra yẹ kí ó rí oúnjẹ gbígbẹ tí ó tó kílò 2 lórí ọgọ́rùn-ún kílò ara rẹ̀ lóòjọ́. Bí ó bá yẹ kí ẹṣin yín jẹ́ kílò 300, kílò 6 nìyẹn. Bí koríko tútù bá ni, omi ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, nítorí náà yóò tó kílò 24 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Níhìn-ín ni wàhálà wà fún ẹni tí ń gbé Àkóbọ̀ tàbí irú àdúgbò bẹ́ẹ̀. Ibi tí ó jẹ́ oko àti igbó tẹ́lẹ̀ ti di ilé àti ọgbà olódi. Ẹṣin tí a so mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì kò lè rí koríko tí ó tó jẹ, ọ̀rá tí àwọn ènìyàn dà nù ni yóò máa kó mì. Ó yẹ kí a gé koríko wá fún un láti ibi tí ó mọ́. Eèsún dára bí a bá gé e nígbà tí ó ṣì rọ̀. Bí ó bá ti gbó, igi ni, ẹṣin àgbà kò lè rún un. Ẹ gé e kéékèèké. Kí ẹ tó gé koríko níbikíbi, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti fọ́n oògùn apakoríko sí i.

Ewé ẹ̀pà àti ewé ẹ̀wà gbígbẹ dára púpọ̀ fún ẹṣin tí ó rù, nítorí pé wọ́n ní ohun tí ń mọ ẹran àti egungun ju koríko lásán lọ. Ní ìgbà ìkórè ni ó yẹ kí a rà wọ́n, kí a sì tọ́jú wọn sí ibi gbígbẹ. Bí wọ́n bá bu, ẹ sọ wọ́n nù.

OÚNJẸ RÍRẸ FÚN ẸNU TÍ KÒ LÉYÍN

Bí eyín kò bá lè lọ koríko mọ́, kí a bá a lọ̀ ọ́ ni ó kù. Ẹ po èèpo àlìkámà, sóyà tí a ti yan tí a sì lọ̀, àti àgbàdo lílọ̀ díẹ̀ pọ̀ mọ́ ewé ẹ̀pà tí a gún kúnná. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún wákàtí kan títí yóò fi rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Rírẹ yìí kò gbọdọ̀ fò, nítorí pé oúnjẹ gbígbẹ lè há ẹṣin àgbà lọ́nà ọ̀fun. Ẹ fún un ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Ohun ọkà àti èèpo ọkà inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju kílò kan ààbọ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan fún ẹṣin kílò 300. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù, ẹ kó o kúrò kí ó tó kan.

Ẹ má fi èèpo àlìkámà nìkan bọ́ ọ. Kò ní ohun tí ń mú egungun le tó, bí ó bá sì pẹ́, egungun ojú ẹṣin á wú, á sì rọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ní kí ewé ẹ̀pà tàbí ewé ẹ̀wà wà nínú rẹ̀.

Òróró ẹ̀pà tàbí òróró sóyà jẹ́ ọ̀nà tí ó dára láti fi agbára kún oúnjẹ láìfi àgbàdo kún un. Ní ìwọ̀n kan náà, agbára inú òróró ju ìlọ́po méjì ti ọkà lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mílílítà 30 lóòjọ́, kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di 150 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Gbogbo ìyípadà oúnjẹ ni ó yẹ kí ó gba ọjọ́ 7 sí 14. Ìkánjú ni ó ń fa inú rírun àti àrùn pátákò.

Bí ebi bá ti pa ẹṣin náà dé ojú egungun, ẹ túbọ̀ ṣọ́ra. Ara tí ebi ti pa pẹ́ kì í lè gba ọkà lójijì, ọkàn lè dúró. Fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́, ewé gbígbẹ díẹ̀díẹ̀ ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin ni kí ẹ fún un, lábẹ́ ojú dókítà. Kò gbọdọ̀ fẹnu kan ọkà.

EWU TÍ Ó WÀ NÍNÚ ỌGBÀ

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń sin adìyẹ. Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: ẹ má ṣe fi oúnjẹ adìyẹ bọ́ ẹṣin láéláé. Oògùn kan tí wọ́n ń pè ní monensin wà nínú òmíràn, nítorí àrùn ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ adìyẹ. Kò pa adìyẹ lára, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba kíún nínú rẹ̀ ń ba iṣan ọkàn ẹṣin jẹ́, kò sì sí oògùn tí ó lè pa agbára rẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ oúnjẹ ní ilé ìlọ oúnjẹ ẹran, ẹ rí i pé wọ́n fọ ẹ̀rọ kí wọ́n tó lọ ti ẹṣin. Ẹ ti ilẹ̀kùn sítọ̀ oúnjẹ adìyẹ pa.

Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù ní májèlé nínú. Ẹ̀pà tàbí àgbàdo tí ó ti bu náà ní i. Ohun tí ẹ̀yin fúnra yín kò lè fi sẹ́nu, ẹ má fi sẹ́nu ẹṣin.

OMI, IYỌ̀ ÀTI IBI ÌSINMI

Ẹṣin tí kò mu omi tó kì í jẹun tó. Nínú ooru wa, ẹṣin kílò 300 lè mu lítà 30 lóòjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀. Omi mímọ́ ni, nínú ohun èlò tí a ń fọ̀ lójoojúmọ́. Nǹkan bíi gíráàmù 30 iyọ̀ lóòjọ́ yóò tó o bí ó bá ń làágùn.

Bí ẹṣin bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ ya àgbà sọ́tọ̀ nígbà oúnjẹ. Àwọn ọ̀dọ́ á máa lé e kúrò nídìí agbada, òun kò sì ní bá wọn jà. Ibòji ṣe pàtàkì, ibi gbígbẹ tí ó lè dùbúlẹ̀ sí náà ṣe pàtàkì, pẹ̀lú ààbò lọ́wọ́ eṣinṣin.

BÍ Ó BÁ TI SANRA PADÀ

Ẹ má retí pé yóò sanra ní ọ̀sẹ̀ kan. Ẹṣin tí ó ti rù gan-an lè gba oṣù mẹ́ta sí márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí ó tó bọ́ sípò. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹ má fi háyà. Owó ayẹyẹ kan kò tó ohun tí yóò gbà lára rẹ̀. Bí ó bá ti dé 5, ẹ dín òróró kù díẹ̀díẹ̀, nítorí pé àsanjù náà ń ba pátákò jẹ́. Iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ dára fún un: ìrìn díẹ̀ láàárọ̀ ń dá ẹran padà sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ fi ọmọdé tàbí ẹni fúyẹ́ gùn ún, kì í ṣe olóyè pẹ̀lú agbádá mẹ́ta. Kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé ni kí ẹ ti kó ewé gbígbẹ jọ, nítorí ìgbà náà ni ẹṣin àgbà máa ń tún rù.

Ní ti ìnáwó, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹṣin ní àdúgbò kan náà, ẹ jọ pe dókítà ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Owó ọkọ̀ rẹ̀ kan náà ni, yálà ẹnu ẹṣin kan ni ó wò tàbí ti mẹ́rin. Ẹ jọ ra ewé ẹ̀pà nígbà ìkórè, nígbà tí ó wọ́pọ̀.

Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí fún oṣù mẹ́ta tí ara kò sì padà, ẹ pe dókítà padà kí ẹ bi í ní òtítọ́. Ìgbà mìíràn wà tí ẹṣin ti ń jẹ̀rora jù, tí sísùn pẹ̀lú ìrọ̀rùn ní ọwọ́ dókítà sì sàn fún un ju kí a tà á sọ́nà jíjìn lọ. Ẹṣin tí ó ti fi ẹ̀yìn rẹ̀ bọ́ ilé kan fún ọdún mẹ́wàá, ilé náà jẹ ẹ́ ní ìyẹn ó kéré tán.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ohun mẹ́ta péré: ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí dókítà wo ẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó gba ọjà Bódìjà lọ ra oúnjẹ.